Okùn ni Ìyá Àgbà Gbà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Bí ẹ bá dé Ìdáàṣà lónìí, tí ẹ bi àwọn ọmọ tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní oríta, wọn á sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé nǹkan fò lókè àwọn òkè wa. Irọ́ ni. Bàbá mi ló gbé e. Ó jókòó sórí ìjókòó kàmíọ́nù àtijọ́ kan, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ti gan síwájú, ó fi ọwọ́ fa irin kan, okùn sì gbéra. Ó ṣojú mi kòró. Mo ti darúgbó báyìí, eyín mi kò pé mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó kù yìí tó láti sọ ọ́. Ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú kó lọ mu omi tútù.

Agbo ilé wa wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá ọ̀nà tó ń lọ sí Paouignan. Àpáta ńlá kan tó pá kodoro wà lẹ́yìnkùlé, pápá Ìyá àgbà sì wà níwájú ilé, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ìdí igi osè méjì. Ìyá àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Òun ló ni ilé, òun ló ni ilẹ̀, òun náà ló sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ohùn rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀: á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Mímọ́, á sì bi àwa ọmọ bóyá oòrùn la fẹ́ kó wá bá wa gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata, àwọn awó á máa ké lórí ògiri, àwọn obìnrin ilé á sì kọrí sí kànga. Kànga wa jìn. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló fi èèpo igi osè hun okùn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ètè àti gìgísẹ̀ gbogbo wa bá ń sán, àwa ọmọ la máa ń fi òrí pa okùn náà láti òkè délẹ̀ kó má baà gbẹ kó já. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì fẹ́ràn òórùn òrí náà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá ń jẹun. Ìyá àgbà máa ń wí pé, "Okùn tí kò bá jẹ òrí, òun ló ń fi òùngbẹ pa onílé." Ẹ fi ọ̀rọ̀ òrí yìí sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú ti ilé wa lọ́dún yẹn.

Kí n tó gbọ́n ni bàbá mi ti ń wa kàmíọ́nù akẹ́rù láàárín Kutọnú àti Parakú. Sọ́fẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí àwọn Faransé ṣe ń pe awakọ̀. Lọ́jọ́ kan, kàmíọ́nù dojú dé pẹ̀lú ẹrù òwú, ẹsẹ̀ òsì bàbá mi sì ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Egungun jinná, ṣùgbọ́n orúnkún kò ká mọ́. Ta ni yóò fi kàmíọ́nù lé awakọ̀ tí kò lè fi ẹsẹ̀ òsì tẹ nǹkan lọ́wọ́? Bàbá mi wá di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ohùn tí à ń fi bá aláìsàn sọ̀rọ̀, mo sì kórìíra ohùn náà ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi bu ẹran tó pọ̀ jù fún un nítorí àánú, ó sì ti àwo náà padà. Ó ní, "Ìyá Féli, ẹsẹ̀ ló kú. Èmi ò kú." Èmi ni Féli, Felisité ni orúkọ ìsàmì mi.

Mùsé Gasitọ́n ló mú un dìde lábẹ́ máńgòrò. Òyìnbó Faransé ni, Mùsé ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ́ni lédè wọn; olùkọ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ máa ń pọ́n bí oòrùn bá mú, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ńlá ní ìṣirò nílùú. Òun àti àwọn òyìnbó bíi mélòó kan ní ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń ṣeré lọ́jọ́ Àìkú. Eré náà ni ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, tó jẹ́ pé igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, apá rẹ̀ sì gùn ju yàrá mẹ́ta wa lọ. Àwòdì la sọ ọ́ nílé wa. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní ẹ́ńjìnnì kò lè dá gòkè, àfi kí nǹkan fà á. Ohun tó ń fà á ni wọ́n ń pè ní tirẹ́yì: ẹ́ńjìnnì kàmíọ́nù àtijọ́, ìjókòó kan, àti àgbá irin ńlá tí wọ́n ká okùn irin mọ́. Tirẹ́yì á wà ní ìdí igi osè, àwòdì á wà lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́hùn-ún, àwa ará ilé á wọ́ okùn láti ìdí igi osè wá, wọn á sì fi kọ́ abẹ́ àwòdì. Bí àgbá bá ti ń yí tó ń ká okùn, àwòdì á sáré díẹ̀, á gbé imú sókè, á sì máa gòkè lọ ṣánṣán. Nígbà tó bá dé òkè pátápátá, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á já okùn sílẹ̀, á wá ku òun àti atẹ́gùn.

Ilẹ̀ ni Mùsé Gasitọ́n wá tọrọ. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀pà lọ́jọ́ náà, kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní kí bàbá mi, tó gbọ́ Faransé ojú ọ̀nà dáadáa, bi í pé kí ni yóò gbé nǹkan náà sókè.

"Okùn ni, Ìyá," bàbá mi dáhùn fún un.

"Ta ni yóò máa fa okùn?"

Kí wọ́n tó túmọ̀ èyí tán, bàbá mi fúnra rẹ̀ ti dìde, ó ti yí tirẹ́yì ká lórí ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e wá, ó ti fi etí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ń wúkọ́, pé àwọn òyìnbó kò bọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń so àgbá náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, pé kò nílò ẹsẹ̀ òsì, ó di irin ibẹ̀ mú. Mùsé Gasitọ́n wo ojú rẹ̀, ó sì nàka sí i. Ìyá àgbà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò ní ìró rẹ̀. "Ó dáa. Sọ fún un pé okùn ni mo gbà. Ohun tó bá ti orí ilẹ̀ mi gòkè, ọwọ́ ilé mi ni yóò gbé e gòkè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé nǹkan mìíràn wá, ilẹ̀ mi á padà di ebè iṣu." Mùsé Gasitọ́n ní, "Wí, wí," bẹ́ẹ̀ ni ní Faransé. Kò sí ìwé. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó jókòó lórí àpótí, ó jẹ iyán pẹ̀lú wàgásì, wàrà dídì tí a rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ata sì mú un títí etí rẹ̀ fi pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni ilé wa ti yí padà. Ní ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti ti Máàsì dé, bàbá mi á bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, á wọ kàkí, á sì mú ọ̀pá rẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á dé etí wa nínú ilé ìdáná, okùn á fọn fée lókè, awó á sá wọ abẹ́ àká. Inú ohùn ẹ́ńjìnnì nìkan ni bàbá mi ti ń mọ bí àwòdì ṣe wúwo tó àti bí atẹ́gùn ṣe rí. Bó bá ń fà jù, á dẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, bó bá rọ̀, á tẹ̀ ẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn obìnrin ilé kò fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń jágbe mọ́ ọn pé òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ba odidi ọṣẹ kan jẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ti gbọ́ igbe yẹn.

Mo ní láti sọ nípa àpáta ẹ̀yìnkùlé náà. Orí rẹ̀ la ti ń sá iṣu gbígbẹ, orí rẹ̀ la ti ń pa ẹ̀wà, tí a sì ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀wà lórí ilẹ̀, atẹ́gùn ló ń dúró dè. Àwa kì í dúró de atẹ́gùn. Láàárọ̀, àpáta tutù, bí o bá da ẹ̀wà láti inú igbá, èèpo rẹ̀ á bá a balẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ ni, wàhálà lásán. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti lu àpáta títí ó fi ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, ìyàngbò á dìde fúnra rẹ̀, á gòkè ṣánṣán kọjá orí wa, ẹ̀wà nìkan ni yóò sì bọ́ sínú àwo. "Àpáta ti ń mí," ni ìyá mi máa ń pè é. Àwọn àwòdì gidi náà mọ̀ ọ́n. Ní wákàtí kan náà ni wọ́n máa ń wá yí po lókè wa, láìju apá. Mùsé Gasitọ́n náà wá mọ̀ ọ́n nígbà tó yá. Ó rí ìyá mi lọ́jọ́ kan tó ń fẹ́ ẹ̀wà, ó gun àpáta wá, ó dúró pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí, ó ń wo ìyàngbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó tilẹ̀ gun ọkọ̀ òfuurufú.

Òpin òjò ọdún kejì ni Kọ̀máńdà dé. Èmi kò mọ orúkọ rẹ̀ mìíràn. Kutọnú ló ti wá, òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn, ó ga, aṣọ rẹ̀ funfun, kò sì sí ẹni tó rí i kó kí ènìyàn nílé wa. Ó gbé ọkọ̀ òfuurufú kan tó ní ẹ́ńjìnnì wá bà lé pápá wa, ariwo náà sì mú kí ewúrẹ́ kan kọ lu ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi. Aláriwo la sọ ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ Aláriwo ni láti so okùn mọ́ ìdí ara rẹ̀, kó máa wọ́ àwòdì tẹ̀lé e lọ sókè, kó gbé e ga ní ìlọ́po mẹ́ta ibi tí tirẹ́yì ń gbé e dé, kó tó fi í sílẹ̀. Kọ̀máńdà rìn lọ sí ìdí igi osè, ó fi bàtà ta táyà tirẹ́yì, ó ní, "Finí," ó ti parí nìyẹn. Ó ní kí bàbá mi má bínú, pé iṣẹ́ wà fún un: koríko pápá náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gé e. Mo rí i pé bàbá mi gbé ọwọ́ lé ìjókòó tirẹ́yì, kò sì gbé e kúrò títí òyìnbó náà fi lọ. Ó ti jókòó sábẹ́ máńgòrò rí, mo mọ bí ọjọ́ ṣe gùn tó níbẹ̀.

Mùsé Gasitọ́n jà fún wa, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó sọ fún Kọ̀máńdà pé a ti bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, pé okùn la bá a sọ, àti pé níbi tí àpáta bá ti ń mí, tirẹ́yì tó. Kọ̀máńdà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n dán an wò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Àwòdì kan náà ni wọn yóò lò. Òun á gùn ún lẹ́yìn Aláriwo, tí awakọ̀ kan láti Kutọnú yóò wà. Gasitọ́n á gùn ún lẹ́nu tirẹ́yì. Ẹni tó bá pẹ́ jù lókè ló jàre, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ balẹ̀ kí ó pa ẹnu dé. Ó ní agogo méje àárọ̀ ni. Bàbá mi gbọ́ èyí, ó tutọ́ sílẹ̀. Ó mọ ọgbọ́n náà. Ní agogo méje, àpáta ṣì tutù, kò sí nǹkan tó ń gòkè níbì kankan, ẹni tó bá sì ti kọ́kọ́ ga jù ni yóò pẹ́ jù, kò sí àníàní. Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ nílé, ìyá mi ní ìwà jìbìtì ni. Ìyá àgbà kàn bi bàbá mi léèrè bóyá òyìnbó náà sọ pé agogo méje ni okùn tiwa náà gbọ́dọ̀ fà. Bàbá mi ní rárá, ó ní lẹ́yìn tòun ni, lọ́jọ́ kan náà. "Lọ́jọ́ kan náà," ni Ìyá àgbà tún un wí, ó sì ń jẹ obì rẹ̀ lọ.

Èmi náà ń wá bí mo ṣe máa ran bàbá mi lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí gbogbo ilé lọ sóko ẹ̀wà, bàbá mi àti Mùsé Gasitọ́n ti na okùn irin sílẹ̀ lórí pápá láàárọ̀, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí okùn náà nínú oòrùn, gbígbẹ, kò sí ẹni tó fún un ní nǹkan jẹ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Okùn ni, àbí kí ni? Mo wọlé, mo gbé igbá òrí ìyá mi, èyí tó fẹ́ gbé lọ sí ọjà Ìdáàṣà, mo kúnlẹ̀ nídìí tirẹ́yì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Mo pa á títí orúnkún mi fi bó. Nígbà tí igbá gbẹ, mo ti dé ìdajì pápá. Mo wo ẹ̀yìn, okùn ń dán yọ̀ọ̀, mo sì rò pé kò sí ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tó mi ní gbogbo Dàhọ̀mì. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé irin kì í gbẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, Aláriwo gbéra ní agogo méje bí Kọ̀máńdà ṣe wí. Ó wọ́ Kọ̀máńdà lọ sókè títí àwòdì fi kéré bí eṣinṣin, ó fi í sílẹ̀, ó sì padà wá balẹ̀. Àárọ̀ náà dákẹ́. Àwòdì ń yí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tó gbé e ró. Nígbà tó balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló jẹ́ lójú aago. Kọ̀máńdà jáde, ó nu ọwọ́, ó nàka sí bàbá mi pé ó kàn án. Mùsé Gasitọ́n wọlé, wọ́n kọ́ okùn, bàbá mi fa irin, àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ láti inú ohùn rẹ̀. Gbogbo yanrìn pápá ló ti lẹ̀ mọ́ òrí tí mo fi pa okùn náà. Bó ṣe ń wọ orí àgbá, ó ń yọ̀, ìká kan ń bọ́ sábẹ́ ìká kejì, ó lọ́ mọ́ra, ó há, ó sì já pẹ̀lú ariwo bí ìbọn. Àwòdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ga tó ọ̀pẹ ni. Mùsé Gasitọ́n tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀, ó bà lé iwájú, ó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Kò fara pa. Ìyẹn nìkan ni àánú tí mo rí gbà láàárọ̀ yẹn.

Kọ̀máńdà fi ìka kan okùn, ó gbé e sí imú, ó sì bi wọ́n léèrè ẹran wo ló ṣe èyí. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn òrí. Bàbá mi tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, omi sì ti dà lójú mi kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo rò pé yóò nà mí lójú òyìnbó. Ó yí padà, ó di ọwọ́ mi mú síbẹ̀, ó sì fi Faransé ojú ọ̀nà rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí gbogbo pápá fi gbọ́, lẹ́yìn náà ó tún un sọ ní èdè wa kí àwọn ará ilé lè gbọ́ ọ pẹ̀lú.

"Ọmọ mi ló ṣe é. Bí a ṣe ń tọ́jú okùn nílé wa nìyẹn. Ó ṣì í ṣe, èmi ni mi ò kọ́ ọ pé irin yàtọ̀ sí èèpo igi. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀yin ẹ fi bàtà ta tirẹ́yì, òun fi òrí pa á. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, mo mọ ẹni tí mo máa bá ṣiṣẹ́."

Ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ, wọ́n ti yìn mí lójú agbo rí. Kò sí èyí tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé lára mi.

Kọ̀máńdà ní ó ti parí. Bàbá mi ní, "Nọ́ọ̀n, rárá o. Ọjọ́ kan náà lẹ wí. Ọjọ́ kò tíì parí." Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú òòlù àti irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ibi tó já. Ìyá àgbà pe àwọn obìnrin ilé. Ó ní kí wọ́n kó àkísà àti eérú wá, kí a nu òrí kúrò lára okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A tò lórí pápá, a bẹ̀rẹ̀ sí í nù. Ìyá mi nìkan ni kò sí láàárín wa. Nígbà tí mo bèèrè rẹ̀, Ìyá àgbà ní ó ń fẹ́ ẹ̀wà. Ẹ̀wà! Lọ́jọ́ Àìkú! Mo gbé ojú sókè, mo sì rí i lórí àpáta lóòótọ́, pẹ̀lú igbá, ó wé gèlè pupa rẹ̀ mọ́rí. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń sáré nù kí n lè tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Ìyá àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkúrù ẹsẹ̀," ló wí. Mo wò ó dáadáa. Ibi tó ti nù tó ti mọ́ ló tún padà sí. Ó nù ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde, ó na ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n bá òun mú omi wá, ó mu ún gùdù kan gùdù kan, ó bi aya àbúrò bàbá mi léèrè ìlera gbogbo ìdílé rẹ̀, ó sì tún padà síbi kan náà. Gbogbo obìnrin náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń gòkè. Kọ̀máńdà ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀ tó ti rin gbindin, ó ń wo aago, kò sì mọ ohun tí òun ń wò.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí nígbà tí ìyá mi tú gèlè pupa rẹ̀, tó sì ń fì í lókè àpáta. "Okùn ti mọ́," ni Ìyá àgbà wí lójú ẹsẹ̀, ó sì gbọn eérú kúrò lọ́wọ́. Bàbá mi gun ìjókòó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké, okùn fọn, àwòdì gbé imú sókè, ó sì gòkè bí ohun tí wọ́n pè tó sì jẹ́. Lókè pátápátá, Mùsé Gasitọ́n já okùn, ó yí apá sí àpáta wa. Ó kọ́kọ́ rẹlẹ̀ díẹ̀, ọkàn mi sì bá a rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lórí ìyá mi, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì ga ju ti ìṣáájú lọ, àwọn àwòdì gidi méjì wá bá a níbẹ̀. Ìyá mi ń fẹ́ ẹ̀wà lábẹ́ wọn. Iyán gún, a jẹ ẹ́ tán, a fọ abọ́, Mùsé Gasitọ́n ṣì wà lókè. Ebi ló mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó tó nǹkan bíi wákàtí méjì.

Ǹjẹ́ Kọ̀máńdà pa ẹnu dé? Kò pa á dé. Ó ní oríire ọjọ́ kan ni, pé lọ́sẹ̀ méjì òní òun ń bọ̀ pẹ̀lú Aláriwo, pé kàmíọ́nù yóò wá kó tirẹ́yì lọ tà gẹ́gẹ́ bí irin. Ó sì fò lọ. Bàbá mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kò bínú, èyí ló yà mí lẹ́nu. Ó pe Mùsé Gasitọ́n, ó ní kó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí àwòdì máa ń sáré kó tó fò bí okùn bá fà á. Ó wọ̀n ọ́n, kò gùn. Ó ní kó wọn ibi tó nílò láti balẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n. Ó wá ní kó wọn ibi tí Aláriwo nílò láti fi sáré bó bá ń wọ́ àwòdì. Mùsé Gasitọ́n dúró. Ó wo ojú arúgbó náà fún ìgbà pípẹ́, etí rẹ̀ pọ́n, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, díẹ̀díẹ̀, ó kọjá àárín pápá, ó ń lọ, ó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ́ mẹ́tàlá ló bọ́ sí àárín pápá náà. Òjò ti dá, ilẹ̀ ti ń le, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Gbogbo ilé ló kọ ebè, títí kan ìyá mi tó ṣì ń bá mi jà nítorí igbá òrí rẹ̀. A fi orí pápá sílẹ̀ fún àwòdì, a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún tirẹ́yì, a sì fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láàárín ebè tí okùn máa gbà. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fi okùn wọn ọ̀nà náà kó lè tọ́. Iṣu tó ti ibẹ̀ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e tóbi débi pé wọ́n wá wò ó láti ìlú. Bàbá mi wà lórí ìjókòó tirẹ́yì títí Mùsé Gasitọ́n fi padà sílé wọn, àgbá irin náà ṣì wà ní ìdí igi osè di òní, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi Ìyá àgbà léèrè pé ká ní n kò fi òrí pa okùn lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n wo ni ì bá dá títí àpáta fi máa mí. Ó ní ewúrẹ́ mẹ́fà lòun ti so sẹ́yìn àká, tí ẹnìkan dúró tì láti tú sílẹ̀ sórí pápá.

Ọjọ́ tí Kọ̀máńdà dá pé, a gbọ́ Aláriwo láti ọ̀nà jíjìn. Ó yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, ó rẹlẹ̀ kó lè wò ó dáadáa, mo sì rí orí Kọ̀máńdà tó yọ jáde, ó ń wo ebè lábẹ́ rẹ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ó yí po lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá mi ti tan ẹ́ńjìnnì ní ìdí igi osè, Mùsé Gasitọ́n ti wà nínú àwòdì, ó ń dúró kí Aláriwo kúrò lójú ọ̀run fún òun. Aláriwo kọrí sí Kutọnú, ariwo rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ. Mo sáré lọ bá Ìyá àgbà láàárín ebè, mo ní, "Ìyá àgbà, ó ti lọ! Ó ti finí!"

Kò gbé orí sókè. "Kò tíì finí," ló wí. "Ebè kan ṣì kù. Gba ọkọ́."